Ìjà bọ́ọ̀sì nínú géèmù: kí ló ń mú un dùn?

Ọmọ Ìtá-Ẹlẹ́wà: Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ìbéèrè kan rèé o. Nínú àwọn géèmù tá a ti ń rìnrìn àjò yìí, tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀sì tó dí ọ̀nà, kí ló ń mú kí ìjà yẹn dùn? Èmi fẹ́ràn èyí tí mo lè ka ọwọ́ ẹ̀. Tó bá fẹ́ ju òkò, kí n rí i tó ń gbé apá. Tó bá wá pa mí, kí n mọ̀ pé èmi ni mo sùn.

Ìyá Ìbejì Agric: Ìjà bọ́ọ̀sì wo ló dùn? Àná yìí ni kọ́ńdọ̀ so èmi àti ọkùnrin kan pọ̀ ní Mile 12 nítorí ṣéńjì. Kí n tó wẹ̀yìn, ọkùnrin náà ti bẹ́ sórí ọ̀kadà.

Páàdì Ò Kú: 😂😂 Ìyá Ìbejì, bọ́ọ̀sì inú géèmù ni wọ́n ń sọ, ọ̀gá ọ̀tá tó le ju àwọn yòókù lọ.

Ìyá Ìbejì Agric: Ìyẹn náà máa ń gbé ṣéńjì èèyàn lọ?

Jagun Odogunyan: Shadow of the Colossus, 2005. Òmìrán mẹ́rìndínlógún, kò sí ọmọ ogun kéékèèké kankan láàárín wọn. Wàá gun ẹṣin wá a títí, wàá di irun ara ẹ̀ mú, wàá máa gùn ún bí ẹni gun ọ̀pẹ. Ó ń gbọn ara, agbára ọwọ́ ẹ ń tán lọ. Tó bá ṣubú, àánú ẹ̀ á tún ṣe ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìgbógbó: Àánú kẹ̀? Mo fowó ra géèmù kí n lè wá káàánú? Bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ le. Malenia inú Elden Ring, bó bá ṣe ń ṣá ẹ ni ẹ̀mí tiẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìyẹn ni bọ́ọ̀sì.

Páàdì Ò Kú: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi líle sílẹ̀. Psycho Mantis, Metal Gear Solid, 1998. Ó ń yẹ inú mẹ́mọ́rì káàdì tó o ń tọ́jú géèmù sí wò, tó bá rí géèmù Konami míì níbẹ̀, á dárúkọ ẹ̀. Ohun tó o bá tẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n. Àfi kó o yọ páàdì kúrò ní ojú kìíní lára ẹ̀rọ kó o kì í bọ ojú kejì. Mo ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ọjà Sábó, gbogbo ilé pariwo.

Ará Èbúté: Irọ́ funfun báláú. Ojú kejì PS1 yẹn ti kú tipẹ́. Kí ló dé tá a fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan níbẹ̀?

Páàdì Ò Kú: Tó o bá kú léraléra, Colonel, ọ̀gá ẹ nínú géèmù, á pè ẹ́ pé kó o fọ́ àwọn ère inú yàrá náà. Mo fọ́ ère.

Ará Èbúté: Ojú kejì lo kọ́kọ́ sọ! Ó ti wá di ère. Ìwọ gan-an lo da mínírà sí i lára tó fi kú.

Páàdì Ò Kú: Èmi? Ta ló jókòó lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn?

Ẹ̀gbọ́n Ìgbógbó: BỌ́Ọ̀SÌ GBỌ́DỌ̀ LE!!!

Jagun Odogunyan: Ìkẹta Metal Gear Solid yẹn, 2004, bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀, The End. Mo tọ́jú géèmù sí àárín ìjà, mo yí déètì ẹ̀rọ síwájú ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Nígbà tí mo padà dé, ogbó ti pa á.

Ẹ̀gbọ́n Ìgbógbó: Ìyẹn kì í ṣe ìjà, òkú lo lọ sin.

Ará Èbúté: Mínírà olómi ọsàn ni. Mo rí ìgò ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ.

Ìyá Ìbejì Agric: Ẹ jọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ọjà Sábó yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń ṣí i?

Jagun Odogunyan: Bẹ́ẹ̀ ni mà, ẹ̀gbẹ́ alápatà. Ó máa ń kún láti aago mẹ́rin.

Ìyá Ìbejì Agric: Hẹn. Àwọn Ìbejì ní ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ làwọn ń lọ. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Páàdì Ò Kú: Yéè! Bọ́ọ̀sì ti gbéra.

Ará Èbúté: Kò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ mínírà o.