Báyógáàsì: Kòtò tí aládùúgbò jìn sí ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè

Bí ìjọba kan bá ti pinnu pé òun fẹ́ dá iṣẹ́ báyógáàsì, ìyẹn gáàsì tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹran àti ìdọ̀tí wá, sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé yóò kó mínísítà àtàwọn akọ̀wé àgbà wọ bàlúù lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á ya fọ́tò níwájú ẹ̀rọ tó ń dán, wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé, ó di ilé. A ò sọ pé kí wọ́n má rìnrìn àjò o. Àwọn tó ń lọ àti ohun tí wọ́n ń lọ wò la ò fara mọ́. Bíríkìlà ló yẹ kó lọ, òun àti àgbẹ̀ àti ẹni tó ń tún páìpù ṣe. Bí wọ́n bá sì débẹ̀, kí wọ́n ní kí onílé mú àwọn lọ síbi àwọn kòtò gáàsì tó ti kú, kó tó fi èyí tó ń ṣiṣẹ́ hàn wọ́n.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti yé èèyàn. Ìgbẹ́ ẹran tàbí ìdọ̀tí ilé ìdáná ni wọ́n ń pò mọ́ omi, tí wọ́n ń dà sínú kòtò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí á máa jẹ ẹ́, gáàsì á sì máa jáde. Ó lé ní ìdajì gáàsì yìí tó jẹ́ méténì, òun ló ń jó lábẹ́ ìkòkò, òun náà ló sì ń yí ẹ̀rọ amúnáwá. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, ajílẹ̀ gidi ni. Bí wọ́n bá fi ìgbẹ́ náà sílẹ̀ kó jẹrà nínú adágún, méténì kan náà yóò gba ojú sánmà lọ, a sì máa mú ayé gbóná ju káábọ̀n-dàọ́ksáìdì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 25 láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún.

Nepal ni àpẹẹrẹ tó wù wá jù lọ. Àárín Íńdíà àti Ṣáínà ló wà, ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ló sì ti kọ́ṣẹ́. Irú ti Íńdíà ló kọ́kọ́ lò: àgbá irin ńlá kan ni wọ́n dojú rẹ̀ dé kòtò, bí gáàsì bá ṣe ń pọ̀ ni àgbá náà ń gòkè, tí onílé fi ń rí iye tó wà nílẹ̀. Ó dáa lójú. Ṣùgbọ́n irin ń dógùn-ún, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ta ni yóò sì ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gun àwọn òkè Nepal? Ti Ṣáínà kò ní àgbá irin rárá. Abẹ́ ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, òrùlé rẹ̀ rí rìbìtì, iṣẹ́ bíríkìlà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ Ṣáínà fi ìkánjú gbẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù méje nínú rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ wọn ló sì bàjẹ́ láìpẹ́. Kí òrùlé ṣáà ti là bí ẹni fa okùn òwú sí i lára, gáàsì ti bá ibẹ̀ lọ. Nepal mú òrùlé Ṣáínà, ó fi ìkánjú Ṣáínà sílẹ̀. Ó ń tún un ṣe títí, nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1990, ó ti ní irú tirẹ̀ tó bá òkè rẹ̀ mu.

Ọdún 1992 ló wá bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá kan láti mọ irú kòtò yìí káàkiri, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Netherlands. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ń mọ kòtò, ìjọba sì ń fún agboolé ní owó ìrànwọ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ wà nínú ètò náà gbọ́dọ̀ mọ irú kan ṣoṣo tí wọ́n fọwọ́ sí. Láti orí iyanrìn dé orí fáàfù tí wọ́n fi ń ṣí gáàsì tàbí tì í, ó ní ìlànà. Aṣàyẹ̀wò lè ya dé ilé ẹnikẹ́ni, bó bá sì rí àbùkù, ilé-iṣẹ́ tó mọ ọ́n ni yóò jẹ̀bi. Bákan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ padà wá tún un ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti gbowó tán. Kòtò tí wọ́n ti mọ lọ́nà yìí lé ní 300,000. Nínú gbogbo ètò yẹn, ìpadàwá yìí gan-an ni a rí i pé àwọn tó ń ṣe àwòkọ máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò, torí kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gé ríbọ́ọ̀nù sí.

Lọ́dún 2009, wọ́n gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ wá sí ilẹ̀ Áfíríkà: Etiópíà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà, Ùgáńdà àti Burkina Faso wà lára àwọn tó gbà á. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omi ti ń yọjú. Garawa ìgbẹ́ kan fẹ́ nǹkan bíi garawa omi kan, lójoojúmọ́. Bí odò bá jìnnà, obìnrin tó ń pọnmi ni yóò kọ́kọ́ jáwọ́, kò sì jẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Bí màlúù bá sì jẹ́ èyí tó ń jẹ̀ kiri, inú igbó ni ìgbẹ́ rẹ̀ wà. Kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ rárá ló yẹ kí wọ́n ti béèrè nǹkan méjèèjì yìí.

Jámánì ní ìtàn tirẹ̀, ti olówó. Òfin ọdún 2000 ṣèlérí iye owó kan fún iná mànàmáná tó ń ti ara báyógáàsì wá, fún ogún ọdún gbáko. Lọ́dún 2004 wọ́n tún fi ẹ̀bùn kún un fún ẹni tó bá gbin ohun ọ̀gbìn kó lè dà á sínú ẹ̀rọ. Ìṣirò kékeré ni àgbẹ̀ ṣe: tọ́ọ̀nù àgbàdo kan ń mú gáàsì wá ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju tọ́ọ̀nù ìgbẹ́ màlúù lọ. Ló bá di àgbàdo níwá, àgbàdo lẹ́yìn, tí owó háyà ilẹ̀ sì ń ròkè, tí ará abúlé ń kùn. Lọ́dún 2012 wọ́n ní àgbàdo kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ẹ̀rọ tuntun, lọ́dún 2014 wọ́n fagi lé ẹ̀bùn náà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n: láti ọdún 2017, Faransé tó bá a pààlà kò jẹ́ kí ohun ọ̀gbìn tí wọ́n dìídì gbìn ju ìdá 15 lọ. Àwọn kan sọ pé Faransé lọ́ra. Ó lọ́ra lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀bùn kankan tí yóò máa gbà padà lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ti yáwó ra ẹ̀rọ.

Denmark kò ṣe àṣejù. Àwọn àgbẹ̀ adúgbò kan á kó ìgbẹ́ ẹran wọn jọ sí ilé-iṣẹ́ kan, wọ́n á sì kó ajílẹ̀ padà lọ sóko. Lónìí, gáàsì irú èyí ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gáàsì tó ń gba inú páìpù ilẹ̀ náà.

A mọ̀ pé wọ́n á ní orílẹ̀-èdè kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí bíríkìlà lọ, òun ló máa mọ èyí tí ilẹ̀ tirẹ̀ gbà. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba kò pọ̀: kí wọ́n ka gbogbo kòtò gáàsì tó ti kú lórílẹ̀-èdè tiwọn kí wọ́n tó mọ tuntun, kí wọ́n fi òté lé iye ohun ọ̀gbìn tó lè wọ inú ẹ̀rọ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí wọ́n sì fi apá kan owó ìrànwọ́ pa mọ́ títí kòtò yóò fi ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko. Ìwé òfin báyógáàsì èyíkéyìí tí kò bá sọ ẹni tí yóò wá tún fáàfù ṣe lọ́dún kẹta, kí àwọn aṣòfin dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́.