Ta ló ní kí ẹ má mira?

Gbogbo ọdún Iléyá ni mo máa ń gbọ́ ọ nínú àgbàlá àwọn èèyàn ní Ìlọrin. Mo lè má tíì gbé kámẹ́rà jáde nínú báàgì tí Àláàjì á ti pariwo: "Ẹ dúró dáadáa! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mira!" Kíá, ọmọ márùn-ún á gan bí ère òkúta ìlú Ẹsìẹ́. Apá á lẹ̀ mọ́ ìhà, àgbọ̀n á yọ síwájú, wọn á sì di èémí sínú. Mo fẹ́ràn àwọn ère Ẹsìẹ́ gan-an, àmọ́ òkúta ni wọ́n. Ọmọ èèyàn kì í ṣe òkúta.

Ohun tí a gbà gbọ́ ni pé ẹni tó bá mira ti ba fọ́tò jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó fìgbà kan rí bẹ́ẹ̀ o, ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà.

Nígbà tí Louis Daguerre, ará Faransé, gbé iṣẹ́ fọ́tò tirẹ̀ jáde lọ́dún 1839, orí àwo bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò ló ń ya á sí, àwo yẹn kì í sì í tètè gba ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń yà lè jókòó sójú kan fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Kódà, àwọn ayàwòrán ní irin tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn èèyàn, tí wọ́n fi ń gbé orí dúró kó má baà yẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, kò tíì jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àwọn tó dàgbà sí Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán kí fọ́tò orí fóònù tó dé. Kámẹ́rà kan wà tí ayàwòrán máa ń tẹrí ba wò láti òkè. Àwòrán 12 péré ni fíìmù rẹ̀ ń gbà. Èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ gba 36. Owó ni fíìmù, owó ni fífọ̀ rẹ̀. Bí ọmọ kan bá yí orí, owó ti wọgbó nìyẹn. Ta ni kò ní pariwo "ẹ má mira"?

Kámẹ́rà tó wà lọ́rùn mi lónìí ń ṣí, ó sì ń padé, láàárín ìdá kan nínú 200 ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ tó ń fò sókè, á mú un síbẹ̀ lókè rekete. Fóònù yín gan-an lè ṣe é bí ìmọ́lẹ̀ bá tó.

Ohun tí gígan yẹn ń ṣe sójú èèyàn ló ń dùn mí. Duchenne, dókítà kan tóun náà jẹ́ ará Faransé, kọ ọ́ lọ́dún 1862 pé iṣan tó yí ẹyinjú ká kì í gbọ́ràn sí ẹni tó ń fipá rẹ́rìn-ín lẹ́nu. Inú dídùn tòótọ́ ló ń jí i. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí fọ́tò tí ẹnu là, tí eyín funfun, tí ojú sì dà bí ojú ẹni tí wọ́n ń ka ẹ̀sùn sí lọ́rùn.

Ìdílé kan ní àdúgbò Pàkátà pè mí nígbà Iléyá. Agogo kan ọ̀sán ni wọ́n dá fún mi, àmọ́ àwọn ọmọ ti wọ léèsì láti agogo mọ́kànlá. Oòrùn wà ní àtàrí, òjìji dúdú sì jókòó sábẹ́ ojú gbogbo wọn. Fìlà àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti tutù fún òógùn. Bàtà tuntun ti bó o ní gìgísẹ̀. Mo yà wọ́n bí bàbá wọn ṣe fẹ́, nǹkan bí ogún fọ́tò, ojú gbogbo wọn le koko. Mo wá ní, "Ẹ má bínú, Àláàjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sùn. Màá padà wá nírọ̀lẹ́."

Agogo márùn-ún kọjá díẹ̀ ni mo padà dé. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, abọ́ wàrà díndín wà lẹ́sẹ̀ wọn. Àbíkẹ́yìn yẹn kì í jẹ ata. Ìyá ń fi èékánná ha ata kúrò lára wàrà náà, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi sí i lẹ́nu, ọmọ sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lé ẹsẹ̀ ìyá. Epo ń dán létí ẹnu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dúró jẹ́ẹ́. Mo yà á. Òun ni Àláàjì ní kí n fọ̀ ní ńlá fún pálọ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo lè fi kọ̀ǹpútà nu epo ẹnu ọmọ náà, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ má jókòó fún fọ́tò rárá o. Bàbá tó tẹ́ agbádá, tó gbé ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì, tó kọjú sí kámẹ́rà gangan, àṣà wa nìyẹn, iyì sì ń bẹ níbẹ̀. Ìyẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ yà, nígbà tí agbára ṣì wà lára wọn, torí ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn ọmọ á wá fọ́tò yẹn kiri. Ṣùgbọ́n ìjókòó bàbá ẹni 70 ọdún kò yẹ ọmọ ọdún mẹ́rin.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń múra fún fọ́tò ẹbí, ikùn àti oorun ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ bàtà tuntun nínú ilé fún ọjọ́ méjì. Ẹ má fún gèlè débi tí orí á máa fọ́ yín. Kò pọn dandan kí gbogbo ilé wọ léèsì kan náà. Bí àwọ̀ bá ti bára mu, ó tó, aṣọ òfì ìyá àti ànkárá ọmọ lè jọ wà níbẹ̀. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ dá, torí oòrùn Ìlọrin kì í wọ̀ títí di nǹkan bí agogo mẹ́fà ààbọ̀ sí méje. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ fi ìpara sápò nítorí ètè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì sọ fún ọmọ lójú ọ̀nà pé, "Bí o bá mira, màá nà ẹ́." Ìpayà yẹn á bá a dé iwájú mi.

Bí ẹ bá sì ń mú ìyá àgbà bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ bá mi gbé àpótí tí wọ́n máa ń jókòó lé nílé dání.