Àpótí Gíláàsì Tí Kò Lẹ́ja

Ní oṣù tó kọjá, ìyá ìyàwó mi ti Ìjẹ̀bú-Òde wá wo ọmọ wọn ọkùnrin ní Sùúrùlérè. Bí wọ́n ṣe wọ yàrá rẹ̀, ojú wọn bọ́ sórí àpótí gíláàsì kan tó wà lórí tábìlì, tí iná pupa, iná aláwọ̀ ewé àti iná aláró ń sáré yíká nínú rẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹja dà?"

Kò sẹ́ja. Graphics card ló wà níbẹ̀, ìyẹn káàdì tí ń ya àwòrán géèmù sójú kọ̀ǹpútà, owó rẹ̀ sì tó gbẹ́ adágún ẹja, kó ṣẹ́ kù kéèyàn fi ra ọmọ ẹja sínú rẹ̀.

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun rí jájẹ a máa da sányán bora, a sì máa so iyùn mọ́rùn. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní ti rí èyí tó gbàfẹ́ ju ìyẹn lọ: wọ́n á ra ohun tó yẹ kó fara pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀, wọ́n á fi gíláàsì dí i, kí àlejò lè máa rí ìfun rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Káàdì náà kì í sì í ṣe kékeré. RTX 4090, ọ̀kan nínú irú káàdì yìí tí ilé iṣẹ́ Nvidia fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, wúwo ju kílò méjì lọ, débi pé àwọn oníṣòwò ń ta òpó tíńtín tí wọ́n fi ń gbé irú rẹ̀ ró kó má baà tẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó so ni mo mọ̀ tí à ń fi igi gbé ró, ìyẹn ṣáà ṣeé jẹ.

Ẹ jẹ́ ká ki oríkì owó rẹ̀ díẹ̀. Ní 2014, káàdì Nvidia tí wọ́n ń pè ní GTX 970 jáde ní 329 dọ́là. Ní 2016, GTX 1080 bẹ̀rẹ̀ láti 599. Ní 2018, RTX 2080 Ti bẹ̀rẹ̀ láti 999, RTX 3090 gbé e dé 1,499 ní 2020, RTX 4090 sọ ọ́ di 1,599 ní 2022, nígbà tó sì di Oṣù Kìíní 2025, RTX 5090 yọ sí wa pẹ̀lú 1,999. Iye tí wọ́n kọ síwèé nìyẹn o. Iye tí wọ́n kọ síwèé àti iye tí ọjà ń pè kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ní ti àwa tí à ń ná náírà, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, iye tí ìjọba ń pa dọ́là kan kò tíì pé 500 náírà, ṣùgbọ́n ní 2025 ó ti ń lọ sí nǹkan bí 1,500. Ẹni tó bá ń gba owó oṣù tó kéré jù lófin lọ́dún náà, ìyẹn 70,000 náírà, yóò ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta àti oṣù méje kó tó lè ra RTX 5090, bó bá lè gbà láti má jẹun, tí kò sì wọ dánfó rárá.

Ta ló fà á? Nígbà kan, àwọn tí ń fi káàdì wa Ethereum, ìyẹn owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, la di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Nígbà tí Ethereum yí ọ̀nà rẹ̀ padà ní Oṣù Kẹsàn-án 2022, tí káàdì kò wúlò fún un mọ́, àna mi yìí, ọmọ ìyá tó ni àpótí náà, jó yíká yàrá, ó ní owó yóò já wálẹ̀ wàyí. Ní oṣù yẹn gan-an ni Jensen Huang, ọ̀gá Nvidia, sọ fún àwọn oníròyìn pé kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ pé owó irú ohun èlò yìí ń já wálẹ̀ sí ìtàn àtijọ́. (Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ dúdú tí ọkùnrin náà máa ń wọ̀ kò yí padà, owó ọjà rẹ̀ nìkan ló ń pààrọ̀ aṣọ.) Lẹ́yìn náà ni AI dé, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń ṣe bí ẹni ní làákàyè, òun náà sì ń fẹ́ irú ohun èlò yìí. Nínú ọdún ìṣòwò tó parí ní Oṣù Kìíní 2025, owó tó wọlé fún Nvidia lé ní 130 bílíọ̀nù dọ́là. Èyí tó lé ní 115 bílíọ̀nù nínú rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn onílé kọ̀ǹpútà ràgàjì wá, ti géèmù kò sì ju nǹkan bí 11 bílíọ̀nù lọ. Àwọn onígéèmù tó ti ń ná ọjà yìí láti ìgbà káàdì GeForce 256 ní 1999 wá dà bí ẹni tó ra aṣọ ẹbí, tó jókòó dáadáa, tó wá ń wo ìrẹsì bó ṣe ń kọjá lọ sí tábìlì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká tuntun lè wá tòkunbọ̀ lọ. Bí àwọn tó ń ta mọ́tò ṣe máa ń búra pé nọ́ọ̀sì kan ní London ló ń fi ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi nìkan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ta káàdì ń búra pé èyí kò wa Ethereum rí láyé. Ọ̀kan nínú wọn na káàdì sí mi nímú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbóòórùn ẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ ni." Mo gbóòórùn rẹ̀. Ó ń rùn bí ọdẹ alẹ́ tí kò tíì gba ìsinmi láti ọdún mẹ́ta.

Àna mi kò ra tòkunbọ̀ ní tirẹ̀. RTX 5090 tuntun ló rà, èyí tó lè fa 575 wáàtì níná fún ara rẹ̀ nìkan. Nígbà tí NEPA mú iná lọ lójú wa níjọ́ náà, ó tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí "I better pass my neighbour". Jẹnẹrétọ̀ náà gbé gílóòbù, ó gbé fáànù, ṣùgbọ́n bí géèmù ṣe bẹ̀rẹ̀, ó kérora, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. A jókòó sínú òkùnkùn títí iná fi dé. Bọ́ọ̀lù ló sì fẹ́ gbá, irú èyí tí kọ̀ǹpútà ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ń gbé láìmikanlẹ̀. Ó nàka sí igun mọ̀nítọ̀, ó ní kí n wo nọ́ńbà: káàdì òun ń ya àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo wo ẹ̀yìn mọ̀nítọ̀ náà. Ti àtijọ́ ni, torí owó ti tán kó tó kàn án. 60 péré ló lè fi hàn nínú 240 yẹn. Ó dà bí ẹni tó ro àmàlà fún ogójì ènìyàn, tó sì jẹ́ pé àwo mẹ́wàá ló ní nílé.

Ìyá kò dá sí gbogbo ìyẹn. Wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n fi bo àpótí náà kí eruku má baà wọ̀ ọ́, wọ́n wá bi ọmọ wọn léèrè owó ilẹ̀ tí wọ́n fi rán an lọ́dún tó kọjá, pé ṣé àwọn onílẹ̀ ti wọn ilẹ̀ náà fún un.

"Wọ́n ti wọ̀n ọ́n, màámi," ó dáhùn, kò wo ojú mi. "Mo tiẹ̀ ti ṣe fẹ́ǹsì yí i ká."

Lábẹ́ ìborùn ìyá, iná pupa ń yọ, iná aláwọ̀ ewé tẹ̀lé e.