Ẹ Kọ Ìwọ̀n Edé àti Iyọ̀ Síwájú Ọ̀rá Ìpanu

Ó yẹ kí àjọ NAFDAC pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ tó bá ya edé sára ọ̀rá ìpanu kọ bí edé inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó síwájú ọ̀rá náà, gàdàgbà, pẹ̀lú iye iyọ̀ àti òróró rẹ̀. Ta ló ń yẹ ẹ̀yìn ọ̀rá wò nílé ìtajà?

Prawn crackers, ìpanu edé dídín tó fẹ́lẹ́, là ń sọ. Ní Indonéṣíà, níbi tí krupuk (irú ìpanu yìí) ti jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́, sítáàṣì gbágùúdá ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á gún edé, wọ́n á pò ó mọ́ sítáàṣì àti iyọ̀, wọ́n á sè é, wọ́n á gé e pẹlẹbẹ, wọ́n á sì sá a títí yóò fi gbẹ. Bó bá ti bọ́ sínú òróró gbígbóná, wíwú ló kù, á sì fa òróró mu. Nínú 100 gírámù rẹ̀, òróró lè tó ìdámẹ́ta, kálórì rẹ̀ sábà máa ń ju 500 lọ, iyọ̀ ibẹ̀ sì lè tó gírámù 2. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gírámù 5. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ kéré sí i. Èròjà amúaradàgbà ńkọ́? Bíi gírámù 2 tàbí 3. Ti ẹ̀pà ẹ̀bá títì tó 25. (Òróró pọ̀ nínú ẹ̀pà náà, a ò ní purọ́.)

Àwọn kan á ní ìpanu lásán ni, ẹ fi wá lọ́rùn sílẹ̀. A ò bá dídín jà. Àkàrà àti dùndú kò jìnnà sí wa. Ìjà wa ni pé òbí tó rí edé lára ọ̀rá lè gbà pé ohun tó ń mú ọmọ dàgbà lòun rà fún un lọ sílé-ìwé. Bẹ́ẹ̀ àwọn ìpanu “adùn edé” kan wà tí edé ò dé ibẹ̀ rárá.

Ní Bìrìtéènì, ilé-iṣẹ́ tó bá fi edé polówó ìpanu gbọ́dọ̀ kọ ìdá edé tó wà nínú rẹ̀. Láti 2016 ni Chile ti ń lẹ àmì dúdú mọ́ iwájú oúnjẹ tí iyọ̀, ṣúgà tàbí ọ̀rá (fat) inú rẹ̀ pọ̀ jù. Agbára NAFDAC náà ká a: òfin rẹ̀ ti ọdún 2022 fi ààlà sí trans fat, ìyẹn irú ọ̀rá tó ń ṣe ọkàn ní jàǹbá, nínú oúnjẹ.

Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń kó o wọlé, kí wọ́n tó kan ìyá tó ń pín in sínú ọ̀rá wẹ́wẹ́ lọ́jà.