Bí Onírèsé Bá Kọ̀ Tí Kò Fíngbá Mọ́

Ibi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì ni mo ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí. Wọ́n á gbé àga ńlá síwájú, wọ́n á fún bàbá tó ń lọ sílé ní fọ́tò tí wọ́n fi gíláàsì bò, ẹni tó di gbohùngbohùn mú á sì ní: "Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun." Gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Mi ò rí i rí kí ẹnikẹ́ni béèrè pé, èyí tí bàbá fín sílẹ̀ ńkọ́, ṣé ó dára?

Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn tó ń fíngbá ní Ọ̀yọ́ á mọ̀ pé igbá kì í gba àtúnṣe. Bí ọ̀bẹ bá ti yẹ̀, ó yẹ̀ náà nìyẹn. Ojú àpá yẹn á wà lára igbá títí ọjọ́ tó máa fọ́. Èyí tó fín dáadáa kò parun, èyí tó fín jákujàku náà kò parun. Ìdí nìyẹn tí òwe náà fi ń bà mí lẹ́rù ju bó ṣe ń tù mí nínú lọ.

Àwọn méjì kan ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀. Wọn kì í ṣe Yorùbá, wọn ò sì fíngbá rí. Oníjó ni wọ́n ní Amẹ́ríkà: Fayard Nicholas àti Harold àbúrò rẹ̀, tí ayé mọ̀ sí Nicholas Brothers. Ijó tap ni wọ́n ń jó, èyí tí wọ́n máa ń kan irin pẹlẹbẹ mọ́ àtẹ́lẹ̀ bàtà kí ẹsẹ̀ lè máa dún bí ìlù. 1914 ni wọ́n bí Fayard ní Mobile, ìpínlẹ̀ Alabama. Wọ́n bí Harold ní 1921 ní Winston-Salem, North Carolina. Onílù ni Ulysses bàbá wọn, Viola ìyá wọn ń tẹ dùùrù, ẹgbẹ́ olórin wọn ló sì ń ṣeré ní gbọ̀ngàn Standard ní Philadelphia. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n bí wọn sí, Àyàn ni ì bá bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn.

Ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Fayard á jókòó sínú gbọ̀ngàn yẹn, á máa wo àwọn oníjó tó ń gun orí ìtàgé, tó bá délé, á gbé ohun tó rí sẹ́sẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ ọ. Òun náà ló kọ́ Harold àti Dorothy, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí bàbá rí i, ìmọ̀ràn kan ló fún un: kó má ṣe jó ijó ẹlòmíràn, kó jó tirẹ̀.

Ní 1932 wọ́n dé Cotton Club, ilé fàájì alẹ́ kan ní Harlem, New York. Harold kò ju ọmọ ọdún 11 lọ. Aláwọ̀ dúdú ni gbogbo ẹni tó ń kọrin, tó ń jó níbẹ̀. Òyìnbó ni àwọn tó ń sanwó wọlé wá wò wọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ohun kan náà ló tẹ̀ lé wọn wọnú fíìmù.

Bí àwọn iléeṣẹ́ ńlá Hollywood ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á kọ ìtàn: òyìnbó ni ọkọ, òyìnbó ni ìyàwó, òyìnbó ni ẹni tó fẹ́ já ìyàwó gbà. Níbì kan láàárín, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ Nicholas jáde, kí wọ́n jó fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí wọ́n wọlé padà. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni nínú ìtàn sọ̀rọ̀. Wọn ò nílé, wọn ò ní ìyá, wọn ò ní ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kó lè rọrùn fún àwọn onísinimá gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ òyìnbó kò ti fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú lójú àwòrán àfi tó bá jẹ́ ìránṣẹ́. Onísinimá á fi àlùmọ́gàjí gé ibẹ̀, á lẹ iwájú mọ́ ẹ̀yìn, ìtàn á sì máa lọ bí ẹni pé kò sóhun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ká sọ òótọ́, ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa gé òun dànù, kí ló fẹ́ máa làágùn fún?

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe. Ní 1940, nínú Down Argentine Way, ijó wọn mú kí àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ débi pé ní àwọn sinimá kan, ńṣe ni wọ́n dá fíìmù padà kí wọ́n tún un wò. Nínú Orchestra Wives ní 1942, Harold sáré lọ bá ògiri, ó fẹsẹ̀ gun ògiri náà bí ẹni gun àtẹ̀gùn, ó ta kìtì sẹ́yìn, ó balẹ̀, ẹsẹ̀ kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, abẹ́ kan ilẹ̀. Kí èèyàn tó ké "Yéè!", ó ti dìde. Kò fọwọ́ kan ilẹ̀ o. Ibi tí ọ̀pọ̀ ò kíyè sí nìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Àwọn oníjó tó lè ya ẹsẹ̀ balẹ̀ pọ̀, àmọ́ wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀ kí wọ́n tó dìde, bí ìyá arúgbó lórí ẹní. Tiwọn, itan ni wọ́n fi ń fa ara wọn sókè, ojú wọn á wà lára èrò ìwòran, ọwọ́ wọn á nà bí ìyẹ́ ẹyẹ, ẹ̀rín ò ní kúrò lẹ́nu.

Ní 1943 wọ́n rí fíìmù kan tó jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ni àwọn òṣèré rẹ̀, Stormy Weather. Ẹgbẹ́ olórin Cab Calloway ló ń lù. Wọ́n fò láti orí pèpéle kékeré kan sí òmíràn láàárín àwọn afunfèrè, wọ́n jó lórí dùùrù, wọ́n wá gun àtẹ̀gùn gàgàrà kan. Látòkè, ọ̀kan fo èkejì kọjá, ó yasẹ̀ balẹ̀ lórí ìpele ìsàlẹ̀. Èkejì fo òun náà, ó yasẹ̀ balẹ̀ lórí èyí tó tẹ̀ lé e. Báyìí ni wọ́n ń bá a bọ̀ tòun ti kóòtù onírù gígùn lọ́rùn títí wọ́n fi délẹ̀. Nick Castle tó ń darí ijó wọn ní kí wọ́n má fi í dánra wò, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sì sọ pé àwọn jó o tí wọ́n fi yà á. Fred Astaire, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ijó, sọ fún wọn pé òun ò rí ijó inú fíìmù tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ẹ má gbọ́ mi lódì o. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ̀ pé ewé kì í ṣe odó. Ẹni tó bá ní ìkòkò nílé tó wá na èèpo ẹ̀pà sí ọ, ìkà ló ṣe, má ṣe dọ̀bálẹ̀ fún un. Àmọ́ ọbẹ̀ tí o bá sè sínú rẹ̀, tìẹ ni.

Ojú mi rí i kí n tó máa sọ ọ́. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, iléeṣẹ́ rédíò kan fún mi ní ìṣẹ́jú méjì láàárọ̀ kí n máa fi pa òwe kan kí n sì túmọ̀ rẹ̀. Bí ìpolówó ọjà bá ti pọ̀, èmi ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ. Ó dùn mí wọra. Nígbà tó yá, mo dẹwọ́. Inú mọ́tò ni mo ti ń ro ohun tí mo máa sọ. Lọ́jọ́ mìíràn, òwe àná ni mo ń bu omi là. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi fi ohùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Dádì, ṣé ẹ̀yin kọ́ nìyí?" Èmi ni. Ìṣẹ́jú méjì gbáko, mo ń gbé ìtumọ̀ òwe kiri bí adìẹ tó ń wá ibi yé sí. Gbogbo èyí tí mo ṣe dáadáa, mi ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Èyí ni ẹnì kan rí tọ́jú.

Àwọn ọmọ Nicholas náà, wọ́n kọ̀ nígbà tó yá. Ní 1948 Gene Kelly, òyìnbó oníjó inú fíìmù, bá wọn jó nínú The Pirate, dúdú àti funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn sinimá kan ní gúúsù tún gé e. Wọ́n dojú kọ Yúróòpù, wọ́n ń jó kiri níbẹ̀. (Ilé tí Harold kó sí pẹ̀lú Dorothy Dandridge, òṣèré arẹwà yẹn, kò tòrò, wọ́n sì kọra wọn sílẹ̀ ní 1951. Èèyàn lè mọ ijó jó kó má mọ ilé gbé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Ara náà kọ̀ lẹ́yìn ọ̀rẹyìn: gbogbo ẹsẹ̀ yíya yẹn, ìbàdí Fayard ló san owó rẹ̀, dókítà ló bá a pààrọ̀ egungun. Síbẹ̀ ní 1989 ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Tony, tí wọ́n máa ń fún àwọn eléré orí ìtàgé, fún ijó tí wọ́n ṣètò fún eré Black and Blue, ní 1991 sì ni Kennedy Center, gbọ̀ngàn eré ńlá tó wà ní Washington, dá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ́lá pọ̀. Harold kú ní 2000, Fayard ní 2006.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti àlùmọ́gàjí yẹn. Wọ́n ya ijó wọn sọ́tọ̀ kó lè rọrùn láti gé sọnù. Ní báyìí, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ náà làwọn èèyàn ń gbé kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti gé ara rẹ̀ sílẹ̀ tán, kò gbára lé ìtàn kankan. Ọmọ mi kan náà wo Harold níbi ògiri yẹn tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà níṣojú mi. Mo bi í pé ṣé ó mọ òyìnbó tó jẹ́ olórí òṣèré nínú fíìmù náà. Ó yíjú sí mi.

"Dádì, ṣé inú fíìmù ló ti wá ni?"