Irọ́ Ni Pé Bọ́ǹbù Òde Òní Kì Í Pa Aláìṣẹ̀

Ní ìdí ìwé ìròyìn ní Ọlá-Ìyá, níbi tí àwa ará Òṣogbo ti ń jiyàn láràárọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í dìjà: pé bọ́ǹbù òyìnbó mọ ẹni tó ń wá, àti pé bí aláìṣẹ̀ bá kú, àṣìṣe ni, wọn yóò sì kẹ́dùn rẹ̀ bí ọmọ tiwọn. Ẹ̀yin ará, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Kabul ní Afghanistan, ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2021. Nǹkan bíi wákàtí 8 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ṣọ́ ọkọ̀ ọkùnrin kan láti ojú sánmà, kí dúróònù wọn, bàálù tí kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀, tó yìnbọn lù ú nínú ọgbà ilé rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò tàsé o, ibi tí wọ́n rán an gan-an ló bà. Èèyàn 10 ló kú, 7 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ohun tí wọ́n pè ní bọ́ǹbù nínú ọkọ̀ náà, kẹ́ẹ̀gì omi ni. Mark Milley, olórí àwọn ọ̀gágun wọn, kọ́kọ́ ní ìkọlù náà tọ́. Lẹ́yìn tí àwọn akọ̀ròyìn tú u wò ni wọ́n tó gbà pé aláìṣẹ̀ ni gbogbo wọn. Nígbà tó di oṣù kejìlá, wọ́n ní ọmọ ogun kankan kò ní jìyà. Ojú ẹ̀rọ mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn ló ń sọ ẹni tó jẹ́ ọ̀tá.

Owó ló tú àṣírí jù pé wọn kì í kẹ́dùn ọmọ ẹlòmíì bí ọmọ tiwọn. Ní oṣù keje ọdún 1988, Vincennes, ọkọ̀ ojú omi ogun Amẹ́ríkà, já bàálù èrò Iran lulẹ̀, èèyàn 290 sì kú. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, bọ́ǹbù tú bàálù Pan Am ká lókè Lockerbie ní Scotland. 270 ló kú níbẹ̀, ará Amẹ́ríkà ló sì pọ̀ jù. Libya, tí wọ́n dá lẹ́bi rẹ̀, ní láti gbà, ní 2003, pé òun yóò san tó mílíọ̀nù 10 dọ́là lórí ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn ará Iran ńkọ́? Ní 1996, Amẹ́ríkà gbà láti san 300,000 dọ́là lórí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, 150,000 lórí ọmọdé àti ẹni tí kò níṣẹ́, wọn ò sì gbà pé àwọn jẹ̀bi.

Ẹnìkan lè ní àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni ti Lockerbie. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ò láàárọ̀, ọmọ tó kú nínú bàálù Iran kò sì kéré sí ti Lockerbie lójú ìyá rẹ̀.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń fojú kéré ẹ̀mí ẹlòmíì. Nígbà ogun ilẹ̀ Yorùbá ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn baba wa ń ta ẹrú ogun tó ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú wọn, torí pé ìlú míì ló ti wá.

Bí ẹ bá wá ka iye aláìṣẹ̀ tí ìjọba kan ní òun pa, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe kà á. Ní 2012, ìwé ìròyìn New York Times tú u síta pé ìjọba Obama ń ka gbogbo ọkùnrin tó tó ogun jà, tí dúróònù bá pa, mọ́ ọmọ ogun ọ̀tá, àfi tí ẹ̀rí bá jáde lẹ́yìn ikú wọn pé wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀.