Sìmókìn Mi Kì Í Ṣe Aṣọ Ẹbí

Ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ̀yin ọkùnrin Àjàṣẹ́, Porto-Novo wa níbí, ẹ̀yin tí agbádá kún àpótí yín dé ẹnu, tí ẹ ní léèsì tí télọ̀ ò tíì fọwọ́ kàn, kí ni mo ṣe fún yín? Káàdì ìnáwó kan á sọ pé «smoking noir», ìyẹn sìmókìn dúdú, kóòtù ìnáwó alẹ́, ẹnu ọ̀nà mi ni gbogbo yín á wọ́ dé láti yá tèmi. Ta ló sọ fún yín pé ilé mi ni ìjọba ti ń pín sìmókìn?

Ẹ má purọ́, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ. Káàdì á ti wà lórí tẹlifíṣọ̀n láti oṣù méjì. Ìyàwó á ti ra aṣọ, á ti wá gèlè tó bá bàtà mu, á ti bá onídìrí sọ̀rọ̀. Baálé ilé á ní «a máa wò ó». Ó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí ìnáwó kù sí dẹ̀dẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà mi lórí sẹ́mìjàn, ọ̀kadà wa, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kóòtù yẹn ńkọ́?» Kóòtù yẹn! Àfi bíi pé èmi àti ẹ̀ la jọ dáwó rà á.

Ẹ ní kí wọ́n ra tiwọn, kí ẹ wá gbọ́ àwáwí. Wọ́n á ní aṣọ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, wọ́n á ní ìná-àpà ni. Ó dáa. Aṣọ ẹbí ìkómọ tó kọjá, èyí aláwọ̀ ewé yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti wọ̀ ọ́? Ti òkú bàbá onílé yín ńkọ́? Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú àpótí tí kòkòrò ń jẹ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìná-àpà, torí bí ẹ ò bá rà á ẹgbẹ́ á bú yín. Sìmókìn kan, bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀, á bá yín dé ọjọ́ ogbó. Kóòtù dúdú tó ní kọ́là sátíìnì, ṣòkòtò tó ní ìlà dídán lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì labalábá dúdú. Ó parí. Kò sí pé àwọ̀ tọdún yìí yàtọ̀ sí tèṣí. Bí owó ò bá sí, ẹ lọ sí ọjà Mísẹ́bọ̀ ní Kútọnu, ẹ fara balẹ̀ tú òkìtì òkìrìkà, ẹ máa rí i. Ẹ ò ní lọ. Ojú ń tì yín láti tú òkìtì aṣọ, ojú ò tì yín láti bọ́ ṣòkòtò nídìí mi.

Àwọn mìíràn á ní aṣọ òyìnbó ni, kì í ṣe tiwa. Nílùú wo? Ní Àjàṣẹ́ yìí, tí mọ́ṣáláṣí ńlá rẹ̀ ní ojú ṣọ́ọ̀ṣì Bùràsíìlì? Ìlú tí àwọn Agudà, ọmọ àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wálé, ti ń jáde pẹ̀lú burián, eré abójúbojú wọn, ní oṣù January lọ́dọọdún fún ọdún Bonfim, tí ẹ ń jó tẹ̀lé wọn títí ẹsẹ̀ fi ń wú? Ìgbà tí ẹ fẹ́ jó, tiwa ni. Ìgbà tó di ká nawó, ó di ti òyìnbó. Agbádá sì nìyẹn, bí ẹ bá fẹ́ wọ agbádá, ẹ wọ̀ ọ́ lọ! Ta ló dá yín lẹ́kun? Ẹ wọ agbádá yín dé ẹnu gbọ̀ngàn kí ẹ sì gbé àyà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀gá ń bà yín, ẹ fẹ́ ṣe ohun tí káàdì wí, ẹ ò sì fẹ́ ná kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó gbé mi dé ibi tí mo dé yìí.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìgbéyàwó àbúrò mi, mo wọ sìmókìn mi jáde jẹ́jẹ́, ó rí mi lókèèrè, ó pàtẹ́wọ́: «Sèrífọ̀! Bíà tútù méjì síbí o!» Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Àna ni, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Sèrífọ̀, ìyẹn agbọ́tí. Aṣọ agbọ́tí, ohun tí ẹ ń pè é nìyẹn. Ọmọ ọba Edward, tó jọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1901, ni ilé télọ̀ Henry Poole ní Lọ́ńdọ̀nù rán irú kóòtù kúkúrú yẹn fún ní 1865, kó lè jẹun alẹ́ nílé ara rẹ̀ láìsí ìrù kóòtù tí ń fì lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1886 ó ti dé Tuxedo Park nítòsí New York, àwọn olówó ibẹ̀ ló sì sọ ọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn agbọ́tí ló wo ọlọ́lá tí wọ́n wọ tiẹ̀. Ẹ̀yin ń bú aṣọ tí ẹ ò ní.

Ẹni tó pè mí ní sèrífọ̀ yìí kan náà ló wọlé wá bá mi lóṣù tó kọjá, ó jókòó, ó mu omi, ó béèrè àwọn ìbejì, ó gbàdúrà fún ilé. Ara mi ti fu. Ọ̀gá rẹ̀ àgbà fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún ní Kútọnu. Ó yọ káàdì: «smoking noir». Ìyàwó mi wò mí. Ó ní: «Bàbá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n mi mà ni.» Ọ̀rọ̀ parí.

Mo gbé e jáde nínú àpò rẹ̀. Mo ṣàlàyé o, mo fi ọwọ́ ara mi hàn án: sátíìnì nìyí, áyọ́ọ̀nù ò gbọ́dọ̀ kàn án. Ṣòkòtò yìí kì í gba bẹ́líìtì. Táì yìí, ọwọ́ la fi ń ta kókó rẹ̀. Mo ti ta á sílẹ̀ fún un kó lè kàn fi sọ́rùn. Fóònù wà létí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀. «Mo gbọ́, mo gbọ́.»

Ayẹyẹ kọjá. Mo pè é. «Lọ́la ni, àna mi.» Lọ́la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ kó ọmọ jọ. Ọjọ́ Sọ́ńdè ló padà wá, aṣọ mi wà nínú ọ̀rá dúdú. Ọ̀rá tí ìjọba ti ṣòfin dè láti 2017! Ibo ló tilẹ̀ ti rí i? Àpò tí mo fi fún un dà? Mi ò béèrè.

Nígbà tó lọ tán ni mo tú u. Áyọ́ọ̀nù ti jó kọ́là. Ojú áyọ́ọ̀nù náà wà níbẹ̀, ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè, sátíìnì ibẹ̀ ti súnkì, ó le gbandi. Mo yí ṣòkòtò padà. Ẹ gbọ́ mi o: ó ti gbé e fún télọ̀ rẹ̀! Télọ̀ tú ẹ̀yìn ìdí, ó fi aṣọ mìíràn bọ àárín kó lè gba ikùn àna mi, aṣọ tí kò tilẹ̀ dúdú, búlúù ni! Òwú tó fi rán an funfun! Nínú àpò kóòtù, eegun ẹja tí wọ́n fi bébà ìnuwọ́ dì. Ẹja yẹn ti wà níbẹ̀ láti oṣù tó kọjá, ẹ fojú inú wo òórùn rẹ̀. Táì mi ò sí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni táì ọmọdé pupa, tó ní rọ́bà.

Mo pè é. Mo ní: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, mo rí aṣọ.» Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? «Ó fún mi díẹ̀ o, Bàbá Ìbejì. Bí ẹ bá tún fẹ́ ra òmíràn, ẹ ra èyí tó fẹ̀.»

Kí n ra èyí tó fẹ̀.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn, bí kò fún un lẹ́sẹ̀ a ṣo ó, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Àwọn àgbà ò mọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Bí ti ẹlòmíràn bá fún un, ṣe ló ń tú u.

Mo gbé e lọ fún onípréésìn, alágbàfọ̀ wa. Ó gbé kọ́là sókè sí iná, iná lọ. Ó ní kí n padà wá lọ́la. Ẹni yìí kan náà ló sọ ṣẹ́ẹ̀tì mi nù lọ́jọ́sí tó ní kí n mú òmíràn lórí okùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ káàdì náà, mi ò gbàgbé yín. Oṣù March, òógùn ń yọ́ wa, kílímù, ẹ̀rọ amúlétutù gbọ̀ngàn, ti kú, ẹ ní ká wọ dúdú. Àwọn tó mọ aṣọ yìí í wọ̀ ti ń wọ kóòtù funfun nílẹ̀ tó gbóná láti ìgbà láéláé, ó wà nínú ìlànà rẹ̀, ẹ ò bi ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ aago mẹ́jọ, oúnjẹ ò dé títí di mọ́kànlá. Àwọn kan sì rèé, ìkómọ aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ, aṣọ tí kì í jáde kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù! Tèmi sì ni wọ́n ń wọ̀ lọ!

Torí náà, ẹ bá mi sọ fún mérì ìlú wa. Kó ra ẹyọ kan fún gbogbo ìlú, kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó gbọ̀ngàn, kí wọ́n fi ṣéènì so ó mọ́ ẹnu ọjà Wàndó, kí ọlọ́pàá méjì dúró tì í, kí ẹ máa tò síbẹ̀ láti alẹ́ Fúráìdé. Kí wọ́n fi télọ̀ kan síbẹ̀ pẹ̀lú, kó máa tú u, kó máa rán an padà. Ẹni tí kò bá lè tò, kó wọ pátá lọ síbi ìnáwó.

Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ti wà lọ́rùn mi. Ìyàwó mi pàápàá ò mọ ibi tí mo ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ fi táì mi rán ọmọ wá. Bó ṣe wà bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fi rán an. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má lọ̀ ọ́.